Bí Mo Ṣe Jowú Àjàyí Nítorí Irin Alákàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé sípánà yẹn sílẹ̀ ná kí etí mi sinmi. Ẹ wá jókòó. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ kún fún epo dúdú yìí, nu ọwọ́ kí o tó fara ti ògiri mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò yín lójú fèrèsé bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ sípíríńgì fáàfù ọkọ̀ yín nínú àgbàlá mi, pẹ̀lú irin tí ẹ rà lọ́jà bí ẹni ra ata. Ẹ yí i, sípíríńgì ká jọ. Ẹ tú u sílẹ̀, ó dúró sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ẹ sì ń sọ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: mo jowú yín. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò pé mẹ́fà lẹ́nu mọ́ ń jowú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí a máa hu ewú, ara a máa hun jọ, owú kì í darúgbó.

Irú irin yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Adó nígbà tí agbára ṣì wà lápá mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí ó dá sílẹ̀ láàrin èmi àti ọ̀rẹ́ mi fún yín. Ẹ̀ ń pè mí ní bàbá rere káàkiri àdúgbò. Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀.

Adó ìgbà náà kì í ṣe Adó tiyín. Ibi tí ọkọ̀ ń tò sí ní Fájuyì lónìí, pàkúté òkété ni a ń dẹ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ohùn tí ẹ máa gbọ́ kò pọ̀: àkùkọ, ìgbálẹ̀ àwọn obìnrin lójúde, ọlọ ata, àti ewìrì ilé wa, fùù, fùù, bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Alágbẹ̀dẹ ni wá láti ìran dé ìran. Bàbá mi ti kú, ó fi àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ fún mi, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ìbídùn, ìyá bàbá yín, níyàwó. Ọkọ́ àti àdá ni mo ń rọ. Wọ́n ń ti Ìyìn àti Ìlawẹ̀ wá ra ọkọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí pé ọkọ́ tèmi kì í tẹ̀ bó bá kan òkúta.

Nígbà tó yá ni lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà Ìkéré wọ̀lú. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, a ó ti máa gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Ènìyàn lè jẹ iṣu sísun kan tán kí ó tó yọ. Ìyá bàbá mi wà láyé nígbà náà. Nígbà tí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì níwájú ilé wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́ ariwo, pé ọkọ̀ náà ti sùn, pé arìnrìn-àjò ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. A sì dákẹ́. Awakọ̀ náà kò mọ ohun tó ṣe wá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ogún ènìyàn tó ń rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ọ̀nà kò dára. Nǹkan àwọn lọ́rì yẹn a máa ṣẹ́, a máa wọ́, èmi ni wọ́n sì máa ń gbé e wá bá. Mo ń na èyí tó wọ́, mo ń jó èyí tó ṣẹ́ pọ̀. Àwọn awakọ̀ sọ mí ní Bàbá Ọkọ̀, èmi tí mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á yọ orí síta: "Bàbá Ọkọ̀, ẹ kú uṣẹ́ o!" Bí ọdún Ògún bá sì dé, wọ́n á mú ajá wọn wá sí àgbẹ̀dẹ mi pẹ̀lú ẹmu àti iṣu sísun, èmi ni n ó dúró ṣíwájú wọn. Àní àwọn Kìrìsìtẹ́nì inú wọn, tí wọ́n ní àwọn ò bá wa dé ìdí Ògún, á dúró lọ́ọ̀ọ́kán jẹ nínú iṣu náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dùn lọ́fun.

Ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì, mi ò mọ̀ ọ́n. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ọkọ̀ á dúró lójú kan títí adìẹ á fi yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan tó ti Ìbàdàn wá.

Ẹnìkan náà wá ti Ìbàdàn wá lóòótọ́, kò sì padà lọ mọ́. Àjàyí ni. Èmi àti Àjàyí, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Ilé wọn àti ilé wa fara kan ara. A jọ dẹ pàkúté, a jọ jẹ nínà lórí ẹ̀pà tí a jí wú. Nígbà tí ó ń lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, èmi ni mo gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹ̀yìn odi. Ọdún keje ni mo tún tó fojú kàn án. Ó wọ ṣòkòtò kakí, ó dé fìlà, ó gbé àpótí pákó kan. Tẹ́lẹ̀, a jọ ń sọ pé "ulé" àti "uṣẹ́" bí ọmọ Èkìtì ni. Ó dé, ó ń sọ pé "ilé," ó ń sọ pé "iṣẹ́." Mo kí i, mo dì mọ́ ọn, inú mi dùn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pe "iṣẹ́" yẹn, ó ta mí lára bí èérún.

Bàbá Ràímì, oníṣòwò Mùsùlùmí kan tó ń ra kòkó, ló ni lọ́rì kan ṣoṣo tó ń sùn nínú Adó nígbà náà. Ìyókù kàn ń wá, wọ́n ń lọ ni. Lọ́rì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bó bá dé ẹsẹ̀ òkè, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo ti tú gbogbo ohun tí ọwọ́ mi lè tú lára rẹ̀, mo tún dè é, kò gbọ́. Ọjọ́ kẹta tí Àjàyí wọ̀lú ni wọ́n pè é. Ó tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ àṣírí.

Ó ní, "Ẹ pa á. Sípíríńgì kan ti ṣẹ́ nínú rẹ̀."

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ nígbà tí o ò tíì ṣí i?"

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ó ń sọ ọ́."

Ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún gbogbo wa pé fáàfù ni ìlẹ̀kùn kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, pé sípíríńgì ló ń fa ìlẹ̀kùn náà padà kí ó lè tì. Bí sípíríńgì bá ṣẹ́, ìlẹ̀kùn kò tì mọ́, èémí kò dúró. Lẹ́yìn náà ló mú irin kan jáde nínú àpótí pákó yẹn. Ó ní apá méjì bí ọmọga tí alákàn fi ń gbá nǹkan mú, ẹnu apá kọ̀ọ̀kan sì là, kí ó lè gba ọrùn fáàfù láàrin. Ìdè gígùn kan wà nídìí rẹ̀ tí a fi ń yí i. Orúkọ òyìnbó tó pè é kò dúró létí wa. Alákàn ni a sọ ọ́.

Ó ki ẹnu Alákàn bọ abẹ́ sípíríńgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí rẹ̀, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́. Sípíríńgì tí ọkùnrin méjì kò lè fi ọwọ́ tẹ̀ ká jọ bí ẹni ká ẹní. Irin wẹ́wẹ́ méjì tó há ọrùn fáàfù bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó yọ èyí tó ṣẹ́, ó fi tuntun sí i, ó fi gírísì lẹ irin wẹ́wẹ́ náà mọ́ orí ìka, ó dá wọn padà sí àyè wọn. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ẹ́ńjìnnì ti ń dún geere. Àwọn ènìyàn hó yèè. Bàbá Ràímì gbé ọwọ́ lé Àjàyí lórí: "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ." Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ náà, kú ìdúró."

Kú ìdúró! Mo ti rọ irin fún ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́rin, kú ìdúró ló kù tó fi kí mi.

Nígbà tí mo délé, Ìbídùn gbé iyán síwájú mi. Òun náà wà nínú èrò. Ó ní, "Iṣẹ́ Àjàyí mà mọ́ o. Aṣọ rẹ̀ ò tilẹ̀ dọ̀tí."

Mo ti iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Lọ fẹ́ ẹ."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé orí rẹ pé?" Ó gbé iyán rẹ̀, ó lọ.

Àwa alágbẹ̀dẹ, owú ni a ń pe irin tí a fi ń lu irin. Owú náà sì ni ohun tó ń jẹ mí nínú. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbé ọ̀kan sókè, èkejì á gbé ara rẹ̀ sókè láyà mi, mi ò sì lè sọ èyí tó wúwo jù.

Mo pinnu láti fi hàn pé ẹni tó bá mọ irin kò nílò Alákàn. Lọ́rì kan tó ń bọ̀ láti Ìyìn dákẹ́ nítòsí àgbẹ̀dẹ, wọ́n sì fẹ́ lọ pe Àjàyí. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ṣí ẹ́ńjìnnì bí mo ti rí i tó ṣí i, mo fi ẹ̀mú méjì gbá sípíríńgì mú, mo tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Sípíríńgì náà bọ́. Ó fò gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, fíì, ó kọjá lórí òrùlé, a ò rí i mọ́. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i nínú ìtẹ́ adìẹ lẹ́yìn ilé, adìẹ náà sàba lé e pẹ̀lú ẹyin mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ wa fi kọrin: "Sípíríńgì fò, ó dé ulé adìẹ, alágbẹ̀dẹ fò, a ò mọ 'bi ó dé." Àjàyí kò bá wọn kọ ọ́. Òun ló bá mi to ẹ́ńjìnnì náà padà. Ìbá sàn kí ó bá wọn kọrin. Ẹni tó ń yọ̀ mí, mo mọ bí n ó ṣe bá a jà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń bá ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀ jà?

Ọdún Ògún dé. Mo gbá àgbẹ̀dẹ, mo gbé ẹmu kalẹ̀, Ìbídùn sun iṣu. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kọrin, ajá wọn ń gbó. Wọ́n dé iwájú àgbẹ̀dẹ mi. Wọ́n kí mi, "Ẹ kú ọdún o, Bàbá Ọkọ̀!" Wọ́n sì kọjá. Ilé Àjàyí ni wọ́n mú ajá náà lọ.

Mo jókòó ti iṣu mi títí ó fi tutù. Nígbà tó yá, Àjàyí fúnra rẹ̀ wá. Ó ní, "Dìde, jẹ́ kí a jọ lọ. Mo sọ fún wọn pé ìwọ ló ni ìdí Ògún, wọ́n ní ibi tí ọkọ̀ wà ni Ògún wà báyìí. Wá bá wa pa ajá náà."

Mo ní ara mi ò yá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, kò gbóná. Ó mọ̀, mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí owú ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹun tó wà níwájú rẹ̀. Bàbá mi a máa wí pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi náà ń lu ojú kan ṣoṣo lọ́kàn mi, tọ̀sán-tòru, mi ò sì mọ ohun tí n ó fà yọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọdún ni apá kan lára Alákàn ya. Àjàyí fi aṣọ wé e, ó gbé e wá bá mi bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, èyí ju ọwọ́ mi lọ. Títú àti títò ni wọ́n kọ́ mi, wọn ò kọ́ mi ní irin. Ìwọ lo mọ irin."

Mo gba Alákàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dì í mú nìyẹn. Mo rọ apá tuntun fún un láti ara irin pẹlẹbẹ lọ́rì tó ti ṣẹ́, mo sì rọ ọ́ dáadáa, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Bí mo ṣe là á lẹ́nu, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ṣe èkejì lókè òkun kò lè rí àbùkù kan. Mo ki í bọ iná títí ó fi pọ́n, mo tì í bọ omi, ó ké ṣàà.

Ó ku ohun kan. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti omi jáde le, ṣùgbọ́n líle tí kò ní sùúrù ni, bí líle àwo. Bí wàhálà bá dé bá a, á fọ́ ni. Nítorí náà la ṣe máa ń dá a padà sẹ́bàá iná, díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bí koríko gbígbẹ. Nígbà náà ni líle rẹ̀ á rọ̀ mọ níwọ̀n. Iṣẹ́ náà kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ gúgúrú ẹ̀kúnwọ́ kan.

Iná wà níbẹ̀. Ewìrì wà níbẹ̀. Mo di apá Alákàn náà mú, omi ń kán lára rẹ̀. Mo rántí "kú ìdúró." Mo rántí ajá tó gbó kọjá níwájú àgbẹ̀dẹ mi. Mo mú òkúta ìpọ́nbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán an.

Nígbà tí mo gbé e fún un, ó yí i wò lápá ọ̀tún, ó yí i wò lápá òsì. Ó ní, "Ọwọ́ yìí! Ní gbogbo Ìbàdàn, mi ò rí irú ọwọ́ yìí." Mo ní kò tọ́pẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ igbe láti ilé wọn. Kí n tó dìde ni mo ti mọ ohun tí ó jẹ́. Mo sáré débẹ̀. Àjàyí wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì Bàbá Ràímì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀. Apá tí mo rọ ti fọ́ sí méjì, sípíríńgì tó bọ́ náà ló gbà á lójú ọ̀tún. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ìdajì irin náà nílẹ̀. Mo mú un, mo fi bọ àpò kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí n lè gbọ́ ọ fúnra mi: irin ni mo kọ́kọ́ mú.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílùú ni èyí tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kalẹ̀ yẹn. Igi méjì ni a so aṣọ mọ́, àwa mẹ́rin gbé e lé èjìká, a sáré dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú. Ní gbogbo ọ̀nà, irin inú àpò mi ń gún mi nítan. Àjàyí ń pe orúkọ mi. Ó ń bi mí pé, "Ṣé ìwọ ni o wà lápá orí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ó dáa."

Wọ́n gbìyànjú. Ojú ọ̀tún náà lọ.

Kò sí ẹni tó bi mí ní ohun kan. Ohun tí ìlú ń sọ ni pé Ògún ló bínú, pé wọ́n mú ajá kọjá ojúlé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn awakọ̀ wá sí àgbẹ̀dẹ mi. Olórí wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èédú. Ó ní, "Bàbá Ọkọ̀, ẹ ṣàánú wa. A ti ṣẹ̀. Ẹ bá wa bẹ Ògún, kí ó má mú ojú ẹlòmíràn." Wọ́n mú ajá tuntun wá. Wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ ewìrì.

Gbogbo ohun tí mo ti ń fẹ́ jókòó síwájú mi, ó ń mi ìrù, ó ń lá ọwọ́ mi. Mo mú ọ̀bẹ. Mo tún gbé e sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kì í purọ́ níwájú Ògún, nítorí òun ló ni ohun gbogbo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí díẹ̀.

Àjàyí jókòó sójúde, aṣọ funfun wà lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń fún un ní ẹ̀kọ. Mo kúnlẹ̀. Mo mú ìdajì irin náà jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó ti fọ́.

Ó ní, "Níbo lo ti rí i?"

"Nílẹ̀, lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé e pamọ́."

Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé yóò ṣẹ́?"

"Mo mọ̀. Mi ò dá a padà sí iná."

"Ṣé o mọ̀ pé ojú mi ni yóò gbà?"

"Rárá. Ìtìjú ni mo fẹ́ kí ó bá ọ. Mo fẹ́ kí ó ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ níṣojú wọn, bí tèmi."

Ìyá rẹ̀ gbé abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀. Obìnrin yìí fún mi lọ́mú nígbà tí ara ìyá tèmi ò yá. Ó ní, "Ùwọ? Ùwọ kẹ̀?" Ó ń tún un sọ ṣáá.

Àjàyí ní, "Dìde. Jáde ní ilé wa."

Mo padà, mo sọ fún àwọn awakọ̀ pé Ògún kò bínú sí ẹnikẹ́ni, pé èmi ni. Mo sọ ọ́ bó ti rí. Wọ́n tú ajá wọn, wọ́n lọ. Ẹnìkan tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn àgbà ilé wa pa iná àgbẹ̀dẹ mi, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan irin títí àwọn yóò fi sọ̀rọ̀. Wọ́n sì tọ̀nà. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo gba ọ̀nà Ìlawẹ̀ lọ sí oko, mo gbin iṣu, mo wú iṣu. Ọkọ́ tí mo fi ń kọ ebè, èmi ni mo rọ ọ́ nígbà tí orúkọ mi ṣì dára.

Ìbídùn kò kọ̀ mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi ṣàwàdà mọ́. Nígbà tí ó tó ọdún kan, ó wá bá mi lóko lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Àjàyí ní kí o mú ẹ̀mú rẹ wá."

Mo ní, "Níbo lo ti rí Àjàyí?"

Ó ní, "Iṣu tí o ń wú, ṣé o rò pé àwa méjì la ń jẹ ẹ́ tán? Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé e lọ fún wọn."

Mo bá Àjàyí ní àgbẹ̀dẹ mi, ó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wa, ó ti dá iná. Ìdajì irin náà wà níwájú rẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Má tan ara rẹ. Ṣùgbọ́n ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Bí mo bá na ọwọ́ sí ìdè, afẹ́fẹ́ ni mo ń bá. Mo nílò ọwọ́ rẹ. Rọ òmíràn."

Mo rọ ọ́. Mo tì í bọ omi. Mo dá a padà sẹ́bàá iná, òun náà sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù fún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Àwọ̀ wo ló dé?"

"Ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Koríko gbígbẹ."

"Kúrò níbẹ̀, kí n fi ojú tèmi rí i." Ó rí i. Ó mi orí.

A gbé Alákàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́rì kan. Ó ní kí n ki í bọ abẹ́ sípíríńgì, kí n yí i dé òpin. Ó ní, "Dojú kọ ọ́. Sún mọ́ ọn. Má fi ọwọ́ bo ojú." Mo tẹ orí mi ba, títí mo fi ń gbọ́ òórùn epo ara sípíríńgì náà. Mo ń yí i. Irin náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí wàhálà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Mi ò dijú. Ó dúró. Àjàyí jẹ́ kí n wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì wá sọ pé, "Ó tó. Yọ irin wẹ́wẹ́ rẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ nìyẹn. Òun ni etí, èmi ni ọwọ́. Ó kọ́ mi ní ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ ọ ní Ìbàdàn, kò fi ẹyọ kan pamọ́. A jọ darúgbó nídìí rẹ̀. Ẹ ó sì rò pé owú náà tán. Kò tán. Bí awakọ̀ bá wọlé, á wò mí kọjá, á ní, "Ṣé ọ̀gá wà?" Ọwọ́ mi á ti kún fún epo, n ó ní ọ̀gá wà nínú ilé. Ọdún lórí ọdún, kò sí ọjọ́ tí kò ta mí. Mo kàn ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀ ni, bí ènìyàn ṣe ń rìn pẹ̀lú òkúta nínú bàtà.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí Àjàyí dùbúlẹ̀ àìsàn ìkẹyìn, mo lọ jókòó tì í ní ọ̀sán kan. Mo ní, "Àjàyí, o ò sọ ọ́ fún mi rí. Ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó fi ojú kan yẹn wò mí. Ó ní, "Ọjọ́ tí o dojú kọ irin yẹn ni mo ti dárí jì ọ́."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Èé ṣe tí o ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé ìwọ ì bá tún máa wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́? Ò bá ti dá tìrẹ sílẹ̀ lódì kejì ọ̀nà." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Mo fún un lómi.

Ọjọ́ tí a sin ín, mi ò tíì rí irú rẹ̀ ní Adó. Àwọn awakọ̀ to ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, láti Ìkéré, láti Ìfàkì, láti Ìyìn. Bí a ṣe gbé pósí jáde, gbogbo wọn tẹ fèrè ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ mì. Èmi ni mo gbé apá orí. Omijé ń bọ́ lójú mi gan-an, ẹ má ṣiyè méjì. Ṣùgbọ́n bí fèrè yẹn ṣe ń dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ̀ lọ́tùn-ún, mo ń wò lósì, mo ń bi ara mi pé ṣé wọn yóò pọ̀ tó báyìí bó bá kàn mí. Mi ò yanu. Ìbídùn tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìgbúnwọ́ gún mi.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ti kú."